Ilé Tí Wọn Kì Í Tà ní Ìdí-Àràbà

Ìdí-Àràbà,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kẹjọ, 1994.

Olújídé ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lọ́dọ̀ wa àti bó ṣe mọ́ lọ́dọ̀ yín. Mo kí ìyàwó mi Micheline, mo kí Antoinette ọmọ ọmọ mi, mo sì kí èyí tó wà nínú ikùn, tí a ò tíì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Attécoubé, l'Ábídján lọ́hùn-ún? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní Yopougon, ṣé ẹ̀rọ tí o ń dúró tì kò ṣe ọ́ léṣe lọ́wọ́? Mo máa ń rántí òkè yín yẹn tí ilé ń gun ara wọn lórí, nígbà tí mo wá tọ́jú Micheline tó bí Antoinette, tó jẹ́ pé ògiri onílé ni mo ń dì mú kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹja létí ọ̀sà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ ṣubú níbẹ̀ o. Màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní ń bá a lé eṣinṣin. Òun náà ni yóò máa bá yín lé gbogbo ohun tó bá ń kùn yí yín ká. Àmín.

Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a dúpẹ́, orúnkún mi nìkan ló ń kùn bí òjò bá ti ṣú. Àbúrò bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Iṣu tuntun ti jáde, ó sì dùn. Àgùntàn tí o rà fún mi ti bí, ọmọ rẹ̀ ń jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ, ó ti jẹ ìwé orin mi tán, torí náà ohun tí mo bá rántí ni mò ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó jókòó tì mí sì ń wò mí.

Ẹni tó mú lẹ́tà rẹ wá sọ fún mi pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni wọ́n ti gé owó sẹ́fà yín sí méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jẹun. Irú èèyàn wo ló ń fi àlùmọ́gàjí gé owó olówó? Ṣùgbọ́n gbọ́ o, má ṣe sọ ìdajì tó kù nù, kó o pamọ́ sínú agolo tó ní ọmọrí. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá ronú pìwà dà, wọn yóò ní kí gbogbo yín mú un wá kí wọ́n bá yín lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹni tó bá sì ti sọ tirẹ̀ nù á wá máa sunkún.

Ó dára, kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé. O ní kí n bá ọ wá ilé rà níbí, ilé tó ti wà nílẹ̀ tó ti ní òrùlé, torí pé o ò ráyè wá dúró ti bíríkìlà. O ní yàrá kan ló kàn ọ́ nínú ilé bàbá rẹ, Micheline ò sì lè kó ọmọ àti ẹrù sínú yàrá kan. O tún ní ọlọ́pàá ń béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹ̀yin àjèjì lójú ọ̀nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé èèyàn gbọ́dọ̀ ní ibi tó lè sá bọ̀. Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù. Bí wọ́n bá tún béèrè káàdì, káàdì ìrìbọmi rẹ ni kí o fún wọn, orúkọ rẹ wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ wà níbẹ̀, pásítọ̀ sì fọwọ́ sí i. Mi ò mọ ohun tí ọlọ́pàá tún lè máa wá lẹ́yìn ìyẹn.

Mo rí àwòrán ilé tí o fi sínú lẹ́tà náà. Mo kọ́kọ́ ké, mo rò pé ìjì ló ṣí òrùlé yín lọ. Mo rí inú gbogbo yàrá láti òkè, mo rí ibi tí o kọ salon sí, bí ẹ ṣe ń pe pálọ̀ lọ́hùn-ún, mo rí ilé ìgbẹ́ láàárín ilé, gbayawu, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gun igi á máa wo èèyàn. Pásítọ̀ ló fi mí lọ́kàn balẹ̀, wọ́n ní ilé tí o fẹ́ ni, pé bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn. Ni mo bá mú un dání kiri ìlú. Mo ń bi àwọn èèyàn bóyá ilé wọn rí báyìí láti òkè, wọ́n ní àwọn ò tíì gòkè lọ wò ó rí.

Ilé Bàbá Ṣẹ̀rífù ni mo kọ́kọ́ lọ, èyí tó kọjú sí títì, nítorí pé wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Mo ti rò ó dáadáa kí n tó lọ. Mo ní kò sí ẹni tó máa ń so ó mọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́rùn pé kì í ṣe títà, àfi tó bá ti mú un dé ọjà. Mo ní wọ́n ti ń dá ilé yìí lówó, iye ni kò tíì tẹ́ bàbá lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ṣé mo lè ka ohun tó wà lára ògiri àwọn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ló mú mi wá. Ni wọ́n bá ní kí n wọ pálọ̀, wọ́n ká ẹní, wọ́n ní bàbá àwọn rèé, ìyá àwọn ló sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo gbà wọlé. Wọ́n ní kí n bi ọmọ mi, tó bá ra ilé, ṣé yóò ra àwọn méjèèjì mọ́ ọn ni, àbí kí àwọn hú wọn dání.

Ojú tì mí, mo tọrọ àforíjì. Ṣé bàbá tìrẹ náà kọ́ ló sùn sínú ilé tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí? Tí ẹnì kan bá wá dá a lówó, odó ni n óò fi lé e. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé àtijọ́ ìlú yìí rí, kò sí èyí tí kò ní ẹni tó sùn síbẹ̀, a kì í sì í ta ilé mọ́ òkú lórí.

Mo wá ní kó jẹ́ àwọn ilé tuntun. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, àwọn tó ní páànù aláwọ̀ ewé ní ọ̀nà odò, wọ́n kùn wọ́n, wọ́n rẹwà, àgádágodo sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Mo kan ilẹ̀kùn ti Ṣàkírù títí, ewúrẹ́ ló dá mi lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo àwọn onílé wọ̀nyí ló wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Ṣàkírù tó ń ta ìkòkò ní Adjamé, mo fi ọ̀rọ̀ rán ẹnì kan sí i bóyá ó lè tà á, èsì rẹ̀ ni pé kò ṣeé tà, pé òun ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Adjamé ló ti wà láti ìgbà tí o ṣì wà lẹ́yìn mi, Àjàní. Ọdọọdún ló ń fi owó ọ̀dà ránṣẹ́. Ìwọ àti òun ì bá ti bá ara yín sọ ọ́ nínú ọkọ̀ gbàkà yín láìtiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀ kí orúnkún mi lè sinmi. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹni tó ń dáná nínú èyíkéyìí lára àwọn ilé ẹlẹ́wà wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù bà mí. Mo bi ara mi pé èyí tí mò ń wá kiri fún ọmọ mi yìí, ṣé kí ó lè wá gbé e ni, àbí kí ó lè máa sọ fún àwọn ará Abidjan pé òun ní in.

Mo fẹ́ bi ọ́ lórí fóònù. Mo wọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́, akọ̀wé ilé fóònù bá mi tẹ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé yín, ó gbé e sí mi létí, Micheline ló sì bá mi sọ̀rọ̀. Mo kí i, mo kí i kú oyún, mo dúpẹ́ aṣọ tó fi ránṣẹ́. Faransé ló fi dá mi lóhùn, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Mo tún kí i, ó tún sọ ohun kan náà, bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀ ẹ́, kò yí ohùn padà. Akọ̀wé ní ẹ̀rọ ni, pé kì í ṣe èèyàn. Mo gbà fún un kó má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ṣé n ò mọ ohùn ìyàwó mi ni? Tó bá jẹ́ nítorí ata tí mo fi sí oúnjẹ Antoinette nígbà tí mo wá ni, kó jọ̀wọ́, kó fojú fò ó.

Ìgbà tí mo ti pa ọ̀rọ̀ ilé tì ni Ìyá Mùkàrámà ránṣẹ́ pè mí. O mọ̀ wọ́n, ilé wọn ló wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ibi tí ẹ ti máa ń jí òrombó ká. Mùkàrámà nìkan ni wọ́n bí, Treichville ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ọkọ wọn, àwọn ará ilé rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí ìlú wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sùn sínú ilé náà. Yàrá mẹ́rin ni, kànga rẹ̀ kì í gbẹ. Wọ́n ní àwọn yóò tà á. Ayọ̀ kún inú mi, mo fi àwòrán rẹ hàn wọ́n, wọ́n yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní kò burú, wọ́n dá a padà fún mi.

Wọ́n wá ní ẹnì kan láti Adjamé ti fẹ́ fi owó ńlá rà á, àwọn ò gbà. Wọ́n ní èèyàn ni àwọn ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá rà á jẹ́ kí àwọn máa gbé yàrá àwọn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, kí wọ́n sin àwọn síbẹ̀, kí ọmọdé máa sáré kọjá lórí àwọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti dá sùn sí ilẹ̀ àjèjì, àwọn ò fẹ́ dá sùn sábẹ́ ilé tí a tì pa. Wọ́n wá bi mí bóyá ọmọ mi yóò gbé ibẹ̀.

Àjàní, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo lẹ́tà rẹ. Mo padà délé, mo tún lẹ́tà rẹ kà, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. O kọ iye yàrá, o kọ ibi tí omi yóò máa gbà jáde, o ò kọ ìgbà tí o ń bọ̀. Inú bí mi sí ọ, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà àánú rẹ ṣe mí, torí ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà má mọ̀ ọ́n.

Wọ́n dá ìpàdé sílẹ̀ nílé Ìyá Mùkàrámà. Lemọ́mù wá, pásítọ̀ wá, àbúrò bàbá rẹ wá. O mọ̀ pé bí olùrà ò bá sí nílé, ó gbọ́dọ̀ ní onídùúró, onídùúró náà sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú òun yóò rí bí olùrà bá yẹ àdéhùn. Lemọ́mù ní ta ni yóò dúró fún Olújídé pé yóò gbé ilé náà. Àbúrò bàbá rẹ ń wo ilẹ̀. Ni mo bá dìde. Wọ́n ní kí ni mo ní tí n óò fi dúró. Mo ní ara mi ni. Mo ní bí iṣu tuntun ọdún tó ń bọ̀ bá jáde tí ọmọ mi ò tíì dé, n óò kó kúrò nílé ọkọ mi, n óò wá máa gbé ibẹ̀, n óò máa dáná níbẹ̀, n óò máa gbá ojú ilé, bí ọlọ́jọ́ Ìyá Mùkàrámà bá sì dé, èmi ni n óò máa rìn kọjá lórí wọn. Ìyá Mùkàrámà di ọwọ́ mi mú, wọn ò tètè fi í sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbà.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí bàbá rẹ. Bí mo bá lọ, àbúrò rẹ̀ kì í bá òkú sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò máa jí i kí i láràárọ̀. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé nítorí ọmọ wa ni.

Má rò pé mò ń fi èyí dè ọ́ lókùn. O ní ìyàwó, o ní iṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ ò gbọ́ èdè wa dáadáa. Bí o ò bá lè wá, ìlérí tèmi ni, n óò mú un ṣẹ. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o sọ ọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n mọ bí n óò ṣe di ẹrù mi. Nígbà tí o bá ń fi owó ilé ránṣẹ́, fi díẹ̀ kún un fún oògùn orúnkún àti kẹrosíìnì, nítorí ilé náà ní fèrèsé púpọ̀ mi ò sì fẹ́ kí òkùnkùn wà níbì kankan.

Ọlọ́run yóò sọ Micheline kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní yọ́ dànù. Ibi tí o bá lọ, wọn ò ní bi ọ́ pé kí lo wá ṣe. Ojú ọ̀nà ilé ò ní dí mọ́ ọ. Àmín láṣẹ Jésù.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Màmá Olújídé.

Mo gbàgbé o. Mo ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan lọ síbẹ̀, kí Ìyá Mùkàrámà lè fọkàn balẹ̀. Kékeré ni, èyí tó tó èmi nìkan. Bí ẹ bá ń bọ̀, tètè kọ̀wé kí n lọ fi ńlá pààrọ̀ rẹ̀.