Àbẹ́là Kejìdínlógún

Barangay Malagyan,
Antique,
Filipínì.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Manang Liezel, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfaradà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín tí etí wọn di. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Iloilo? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ọkọ yín ńkọ́, àti Trina kékeré? Mo gbọ́ pé ó ti ń rìn, pé ó sì ti fọ́ ife mẹ́ta. Àwa náà wà. Nanay ìyá wa wà, Tiya Perla àǹtí wa wà, ariwo rẹ̀ náà sì wà. Lola Insyang, ìyá wa àgbà, ní kí n kí yín kí n tó kọ ohunkóhun. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí báyìí, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kì í sì í jẹ́ kí n dá wà mọ́. Ìdí tí kì í fi í jẹ́ kí n dá wà ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ bi mí lórí fóònù bí àríyá ọjọ́ ìbí mi ṣe lọ, mo ní ó lọ dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Nanay ló dúró tì mí nígbà yẹn.

Ẹ rántí ìtàn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lóṣù kẹfà. Salome ni mo pe ọmọbìnrin inú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ẹnikẹ́ni ò ṣe é níbi, ẹnikẹ́ni ò kú mọ́ ọn lójú, síbẹ̀ kì í lè dìde láàárọ̀. Ó máa ń rọra da ìrẹsì rẹ̀ sáàárín àwọn ọparun tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé, kí àwọn adìyẹ abẹ́ ilé lè jẹ ẹ́, kí ìyá rẹ̀ lè rí àwo tó ṣófo. Lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó fi èémí kan ṣoṣo fẹ́ gbogbo àbẹ́là rẹ̀ pa, ó gba àárín àwọn tó ń jẹun jáde, ó sì wọ inú òkun lọ. Ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé: “Ó dùn ún kà, àmọ́ ìparí yìí ti burú jù. Wá òmíràn.” Manang, àìmọye ìgbà ni mo ka ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò wá òmíràn torí pé mi ò ní òmíràn.

Mi ò bá yín jà o. Ó dáa, mo ń bá yín jà díẹ̀. Ẹ rí àṣìṣe méje nínú ìwé náà, ẹ ò rí èmi.

Èmi ni Salome. Mo kàn fi orúkọ rẹ̀ bo ojú ara mi ni. Láti ìgbà òjò ọdún tó kọjá ni ara mi ti wúwo bí aṣọ tí wọn ò fún omi rẹ̀ kúrò. Mo lè jókòó ti garawa omi fún wákàtí kan kí n má wẹ̀. Irun mi ta kókó débi pé Nanay ní láti gé e, ó sì ń bú mi bó ṣe ń gé e. Ó ní ọ̀lẹ ni mí. Tiya Perla ní fóònù ló bà mí jẹ́. Àwọn ará àdúgbò ní ọkùnrin ni, mo sì fẹ́ràn tiwọn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ó kéré tán, ẹnì kan á wà tí mo lè bínú sí. Nígbà tí ìtàn náà gba ẹ̀bùn ní ilé ẹ̀kọ́, inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ara rẹ̀ ti yá.

Àríyá náà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán gangan, ní gbọ̀ngàn ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn. Òjò ń rọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ odindi wà lórí tábìlì, núdù pansit wà nínú agbada ńlá méjì, aṣọ funfun tí Nanay fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán sì ń yún mi lọ́rùn. Bàtà pẹlẹbẹ ni mo wọ̀ sábẹ́ aṣọ náà dípò ti onígìgísẹ̀, mo sì mọ ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́. Mo ti fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Ẹ̀rù ò bà mí, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù nísinsìnyí.

Nínú àwọn obìnrin méjìdínlógún tó máa ń tan àbẹ́là fún ọmọ ọdún méjìdínlógún, mẹ́tàdínlógún tan tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbàdúrà fún mi: ọkọ rere, ìwé ẹ̀rí, ìwé ìrìnnà lọ sí Kánádà. Ẹ̀yin tí ẹ ni àbẹ́là kejìdínlógún ló kàn. Ìdánwò àwọn ọmọ yín ò jẹ́ kí ẹ wá, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n Tiya Perla kì í fẹ́ kí àyè ṣófo níbi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá wà. Ó ní òun ní ohun ìyàlẹ́nu kan, ló bá fa ìtàn mi yọ láti inú báàgì, ó sì kà á dípò ọ̀rọ̀ yín, pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Àìkú.

Nígbà tí Salome wọ inú òkun, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Manang.

“Ẹ gbọ́, níbo lọmọ yìí ti ń rí gbogbo èyí?” Aling Pacing, aládùúgbò wa, ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

“Nínú fíìmù Kòríà ni,” ni ẹlòmíràn dá a lóhùn. “Mọ́júmọ́ ló ń wò ó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lola nìkan ni kò rín. Ẹ mọ̀ pé kò mọ̀wé kà, kò sì gbọ́ ìtàn náà rí. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

“Perla, padà síbi adìyẹ yẹn.”

“Adìyẹ wo, Ìyá? Ó ti parí.”

“Ibi tó ti ń da ìrẹsì fún adìyẹ. Kà á kí n gbọ́.”

Tiya Perla tún un kà, ó ń ṣẹ́jú sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi arúgbó sílẹ̀. Lola gbọ́ ọ tán, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé: “Adìyẹ tiwa nìyẹn. Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń wò ó pé kí ló ń mú wọn sanra.”

Ẹ̀rín tún sọ. Wọ́n gbé kéèkì wá síwájú mi pẹ̀lú àwọn àbẹ́là náà, gbogbo wọn sì ń pariwo pé kí n fẹ́ ẹ, kí n fẹ́ ẹ. Mo ti fa èémí náà sínú. Bí Lola ṣe yára dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì bo ẹnu mi pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Kò ní fẹ́ ẹ.”

“Ìyá! Àbẹ́là ń kán sórí kéèkì o!”

“Jẹ́ kó kán. Mo ní kò ní fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó máa jẹun.”

Bá a ṣe jókòó síbẹ̀ nìyẹn, èmi àtòun, títí àbẹ́là mẹ́tàdínlógún fi jó tán fúnra wọn. Kéèkì bàjẹ́. Ojú ti Nanay. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn kú, Lola gbé aṣọ mi sókè díẹ̀, ó wo bàtà mi tó ṣe é rìn nínú iyanrìn etíkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ibẹ̀ ni Nanay ti wá wò mí lójú. Mi ò fẹ́ rántí ariwo tó ké.

Wọ́n gbé mi lọ rí dókítà obìnrin kan ní ìlú. Ó ní ìsoríkọ́ ni, pé àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fún mi lóògùn tó ń mú ẹnu mi gbẹ. Ara mi ò tíì yá, Manang, mi ò sì ní purọ́ fún yín mọ́. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo ṣì ń bínú sí ọwọ́ Lola. Salome ṣì wà nínú òkun, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa fà á jáde.

Àbẹ́là yín wà nínú dúróà mi. Tiya Perla fẹ́ bá yín tan án, Lola ní kó fi sílẹ̀, pé ẹni tó ni ín ṣì ń bọ̀. Ẹ má wulẹ̀ kọ nǹkan kan sí etí lẹ́tà yìí. Ẹ wá.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì fẹnu ko Trina lẹ́nu fún mi. Mo jẹ ìrẹsì láàárọ̀ yìí, ìdajì àwo. Àwọn adìyẹ ló jẹ ìdajì yòókù, ṣùgbọ́n mo sọ fún Lola.

Èmi ni àbúrò yín tó ṣì wà níbí,
Rhodalyn