Ìró tí Màmá Gbọ́ Nínú Ògiri Ilé Wa

                                        Heights,
                                        Houston, Texas,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 1984.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Lará,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé ara yín le? Bùọ̀dá Múyìwá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń rọjú? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sílé ẹ̀kọ́? Ọyẹ́ Ìkìrun ńkọ́? Mo mọ̀ pé yóò ti là yín létè báyìí. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Babáwálé, ọmọ tuntun wa, ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti sanra débi pé ọrùn rẹ̀ kò hàn mọ́.

Mo mọ̀ pé ọkàn yín kò balẹ̀ láti ọjọ́ ọdún tuntun tí a fóònù sí yín. Ẹ gbọ́ tí màmá ní, "Lará, bàbá yín ti bá mi dé ibí o," ni fóònù bá já. A pè, a pè, kò wọlé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí. Orí màmá kò dàrú.

Òtútù kan mú níbí nígbà Kérésìmesì, irú èyí tí àwọn ọmọ Houston fúnra wọn ní àwọn kò rí rí. Omi dì nínú páìpù, ewéko kú. Ilé tí a háyà yìí, ilé onípákó àtijọ́ ni, ó ní òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ní ilé àwọn ẹlòmíràn níbí, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n ń fẹ́ sínú yàrá. Ṣùgbọ́n ará ìlú oníyìnyín ló kọ́ tiwa, omi gbígbóná ló sì ní kó máa yí ilé ká. Ìkòkò irin ńlá kan wà lẹ́yìn kíṣìnnì tó ń se omi náà. Omi a gba inú páìpù lọ sínú irin fífẹ̀ kan tó dúró ti ògiri ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Rédíétọ̀ ni wọ́n ń pè é, bíi ti mọ́tò.

Nínú òtútù yẹn ni páìpù kan bẹ́ lókè. Ọkọ mi, Olúdọ̀tun, gba firíwéè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, dé láti ibi iṣẹ́ epo ní Baytown, ó paná, ó di páìpù, ó rọ omi tuntun sí i. Ilé móoru, a yọ̀. Ìgbà náà ni ìró bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́sàn-án kan tí mo ń rẹ ọmọ. Kò! Kò! Ó dákẹ́. Kò! Mo rò pé àlejò ni. Mo ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹnì kan, àfi òtútù. Nígbà tí mo yíjú padà, màmá wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n di igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Wọn kò bi mí pé ta ló dé. Ògiri ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ní, "Mò ń bọ̀, bàbá Lará."

Àǹtí, orí mi wú. Ẹ rántí bí bàbá ṣe ń ṣe kí wọ́n tó kú, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Òrùka ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń kan ògiri pe màmá: ẹ̀ẹ̀mejì, wọn a sinmi, ẹ̀ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé yìí ń ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni màmá ti gbé àga ti rédíétọ̀ yàrá wọn lókè. Bí ó bá kàn, wọn a dáhùn. Bí ó bá dákẹ́, wọn a dúró dè é. Èyí tó tún dẹ́rù bà mí ju ìyẹn lọ ni pé nǹkan kan a máa hó gùlú-gùlú nínú irin náà, bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú ọ̀fun aláìsàn. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ń mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kó lọ. Màmá kò jẹun dáadáa mọ́. Mo gbé ẹ̀bà lọ fún wọn, mo padà lọ kó abọ́, mo rí òkèlè tí wọ́n bu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ó ti gbẹ. Wọn kò gbé ọmọ mọ́. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gun bàálù wá! Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Dọ̀tun fẹ́ fi ẹ̀rín gbé e. Ó ní, "Màmá, ṣebí Babáwálé rèé lọ́wọ́ Mojí. Bàbá tó ti wálé, kí ló tún ń kan ògiri fún?"

Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, "Dọ̀tun, ẹni tó bá fẹ́ wálé, ṣé kò ní kọ́kọ́ kànlẹ̀kùn ni?"

Láti ìgbà náà, ọkọ mi pàápàá kì í fẹ́ dá gun òkè.

A pe Pásítọ̀ Ọlọ́runyọmí pé kí wọ́n wá gbàdúrà. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n pàṣẹ fún ohunkóhun tó bá ń gbé inú ilé yìí pé kó fèsì. Ògiri sì fèsì: Kò! Kò! Bíbélì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú pọ́ọ̀ṣì iwájú ilé ni wọ́n ti parí àdúrà náà, nínú òtútù.

Nígbà tí ó sú mi, mo fóònù Helen, ìyá arúgbó tó ni ilé, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ìlú Katy. Mo ní ilé wọn ń kànlẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá a rọ omi tuntun sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló bá omi náà wọlé, tí kò rí ọ̀nà jáde. Bí omi gbígbóná bá ti ń tì í kiri, yóò máa kan irin, yóò sì máa hó. Wọ́n ní rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu kékeré kan lápá òkè, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Kí a paná, kí irin tutù, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí a parí sókè. Wọ́n ní yàrá tó ga jù, tó sì jìnnà jù, ni afẹ́fẹ́ fẹ́ràn láti fara pamọ́ sí. Yàrá màmá nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, a ṣe àwọn ti ìsàlẹ̀. Dọ̀tun yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ sọ ṣíì, omi yọ, ó tì í. Kò ṣòro rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé òkè, màmá ti fi ẹ̀yìn ti rédíétọ̀ wọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Màmá, afẹ́fẹ́ lásán ni."

Wọ́n ní, "Mojí, kí tún ni èémí, bí kì í bá ṣe afẹ́fẹ́?"

Dọ̀tun fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ṣẹ́jú sí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ọmọ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu bàbá. Ìgbà náà ni wọ́n sọ ohun tí wọn kò sọ fún wa láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ mọ̀ pé ọsibítù ni màmá ti lọ gba oògùn lọ́jọ́ ikú bàbá, tí bàbá fi lọ kí wọ́n tó dé. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ó pè mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó kan ògiri títí, tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ìdí tí mo fi ń dáhùn èyí nìyẹn."

Mo sunkún. Màmá kò sun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, wọ́n na ọwọ́ sí Dọ̀tun: "Gbé kọ́kọ́rọ́ náà wá."

Àwọn fúnra wọn ló yí i. Mo di abọ́ mú nísàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà jáde, Àǹtí, kò dà bíi ti ìsàlẹ̀. Ó gùn. Ó ń jáde lọ bí ẹni tó ti sé èémí láti ọjọ́ pípẹ́, ó tutù, ó ń rùn bí irin àtijọ́, etí gèlè màmá sì ń mì nínú rẹ̀. Wọ́n gbé ojú sún mọ́ ọn. Irin náà wúkọ́. Ó tú omi dúdú. Lẹ́yìn náà, omi tó mọ́ ń kán tó, tó, tó. Màmá tì í. Wọ́n ní, "Sùn re, bàbá Lará."

Dọ̀tun sọ̀kalẹ̀ lọ fi omi kún ìkòkò, ó tan iná. A dúró. Irin náà móoru láti ìsàlẹ̀ dé orí rẹ̀ tó ti máa ń tutù tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìró kankan. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni màmá bú sẹ́kún, ẹkún tí wọn kò sun ní Ìkìrun. Nígbà tí wọ́n sun ún tán, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ti ń jẹun báyìí. Àwọn ni wọ́n ń wẹ Babáwálé. Èmi gan-an ló kù: bí mo bá ń fọ abọ́ lọ́wọ́, n óò dúró, n óò máa tẹ́tí sí ògiri. Ilé náà dákẹ́ jù.

Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé lọ́jọ́ tí bàbá kú. Ẹ kò sọ bó ṣe rí fún wa, a kò sì ní ìgboyà láti bi yín. Lánàá, màmá bi mí pé, "Ṣé Lará yóò mọ̀?" Mo ní n óò kọ̀wé. Bí bàbá bá kan ògiri, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi bò. Bí wọn kò bá kàn, ẹ kọ ìyẹn náà. Màmá ní èyíkéyìí tó bá jẹ́, àwọn yóò gbà á. Kí a má dá àwọn lóhùn ni àwọn kò lè gbà.

Ẹ bá wa kí Bùọ̀dá, ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ kí Màmá Shakirat àdúgbò yín. Dọ̀tun ní kí n kí yín. Olúwa yóò jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀.

Àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà èsì,

Mojí.