Wọ́n Ní Ọkọ̀ Yín Ti Kú

Bàbá mi tó kọ́ mi ní ọkọ̀,

Mi ò ní kọ́kọ́ kí yín. Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, omi ojú kò tíì gbẹ lójú mi tí ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Làmídì, fi kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí ẹ fi sílẹ̀ títí a ó fi ṣe àdúà ogójì ọjọ́, tí wọn yóò sì pín ogún. Ìyẹn kò bí mi nínú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Mo kàn kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú wáyà lórí bátìrì lọ́rì yín, nítorí yóò pẹ́ lójú kan. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n wí? "A ò tíì rọ yẹ̀pẹ̀ lé bàbá ẹ tán, o ti fẹ́ máa tú ọkọ̀ ẹ̀ tà?" Lójú gbogbo ẹbí ni. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ gbà là ni wọ́n torí ẹ̀ pè mí lólè.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Tí òjò bá ti ba ọ̀nà ìlú Ara jẹ́, tí lọ́rì kò lè kó iṣu wá sí tésàn rélùwéè mọ́, abẹ́ igi ọ̀dán lẹ́yìn ilé lẹ máa ń gbé e sí. Ẹ ó ní kí n mú sípánà wá. Ẹ ó tú wáyà kan, ẹ ó fi àkísà wé ẹnu rẹ̀ kó má baà kan irin. Ẹ ó nu orí bátìrì títí ìdọ̀tí funfun yẹn yóò fi kúrò, ẹ ó wá fi òrí ra á, òrí tí ẹ jí bù nínú igbá Ìyá mi. Ẹ máa ń sọ pé bátìrì dà bí ìkòkò omi tó ń jò: bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ bu níbẹ̀, yóò máa dín. Tí ẹ bá sì ti kírun Jímọ̀ dé, a ó so wáyà padà, a ó jí ẹ́ńjìnnì, a ó jókòó sínú ọkọ̀ láìlọ síbì kankan. Ẹ máa ń kọrin níbẹ̀. Ohùn yín kò dáa rárá. Mo fẹ́ràn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ju ọdún Iléyá lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn tó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan ṣe. Làmídì, àgbàlagbà ọmọ wọn, ló kọ́kọ́ gun ọkọ̀, ó tẹ fèrè. Wọ́n ní ọkọ̀ ń sunkún olówó ẹ̀. Ló bá dàṣà. Gbogbo ẹni tó wá kí wa, láti Ara, láti Alájùé, á kọ́kọ́ lọ tẹ fèrè kó tó wọlé wá bá opó jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ yín tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí kì í kí yín láyé tẹ̀ ẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n yín á tan iná iwájú ọkọ̀ kí àlejò lè ríran. Mo ń gbọ́ láti inú yàrá bí ohùn fèrè náà ṣe ń há. Nígbà tó yá, ó dà bí ewúrẹ́ tí òtútù mú. Lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Mo tún lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn obìnrin lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ogún, Làmídì jókòó sínú ọkọ̀, ó tẹ ibi tí a fi ń jí ẹ́ńjìnnì títí, kò jí. Ẹ̀gbọ́n yín káwọ́ lérí. "Yéè! Ọkọ̀ ti bá olówó ẹ̀ lọ!" Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Wọ́n ní ohun tó bá ti bá òkú lọ, alààyè kì í gùn ún, kí alágbẹ̀dẹ wá gé e lọ fi rọ ọkọ́ àti àdá. Ẹnu ọkọ̀ yẹn ni Ìyá mi àti àwọn àbúrò mi ti ń jẹ, Bàbá. Ẹ ò foko kankan sílẹ̀. Kí ni wọn ó máa jẹ, àdá?

Alágbẹ̀dẹ dé lánàá. Kó tó gbé òòlù sókè, mo ti ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo ti fa irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì jáde lábẹ́ àga. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kó àtàǹpàkò mi mọ́ àwọn ìka yòókù bí ẹ ṣe kọ́ mi, kí irin má baà ṣẹ́ ẹ tó bá ta padà. Mo yí i, kò dáhùn. Mo tún un yí, mo ń sunkún ìbínú. Ó wúkọ́, ó sì jí! Alágbẹ̀dẹ ju òòlù sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Iná díẹ̀ ṣì kù nínú bátìrì. Ẹ ti sọ fún mi pé ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó kú.

Ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́? Ẹ̀gbọ́n yín, tòun tàgbà, dọ̀bálẹ̀ fún lọ́rì. "Àbúrò mi ti padà dé o!" Wọ́n ń kí yín káàbọ̀, èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́, ìka mi ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó wojú mi. Kí wọ́n tó dìde nílẹ̀, wọ́n ti ní Làmídì ni yóò máa wà á.

Ẹ̀bi yín ni. Abẹ́ igi ọ̀dán lẹ́yìn ilé, níkọ̀kọ̀, lẹ ti kọ́ mi. Tí ẹnìkan bá yọjú, ẹ ó ní mo kàn ń bá yín nu ọkọ̀ ni. Kí lẹ ń tijú? Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ ọ́ lójú wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré, pé èmi lẹ kọ́? Ẹ mọ bí a ṣe ń tú wáyà kí lọ́rì lè sinmi. Ta ló wá ní kí ẹ máa fi ara tó gbóná, nínú ibà tó pa yín yẹn, ti tésàn lọ Ara, kí ẹ tún padà? Mo bi yín léèrè, ẹ ní ó kàn rẹ̀ yín ni. Mo gbà yín gbọ́, nítorí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé àárẹ̀ kì í ṣe ikú.

Mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa dún títí bátìrì fi yó díẹ̀, mo pa á. Mo tú wáyà náà pátápátá, mo fi òrí ra orí bátìrì. Ìdí mi ni mo so wáyà mọ́ báyìí, lábẹ́ ìró, ibi tí ọwọ́ Bàbá Làmídì kò lè dé. Kí wọ́n máa tẹ fèrè lọ.

Ọ̀la ni Jímọ̀. Èmi ni n ó jí i. Mi ò mọ ẹni tí yóò kọrin.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin,
tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín bákan náà.