Fà Tí Mo Fi Sínú Orin Bàbá Akin

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Ìgàndò.

Èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà, olùdarí gbogbo akọrin ìlú Èkó, bí mo ṣe máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pe ara mi, ni mo jókòó kọ èyí. Inú mi ò dùn.

Bàbá Akin, ọ̀gá akọrin wa, ṣe orin ìdágbére fún ìyàwó wọn tó kú. Wọ́n ń dá orin náà, mo sì ń tẹ sọ́fà rẹ̀, dò-rè-mì tí akọrin ń kà, sínú kọ̀ǹpútà. Lánàá, nínú kọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn, níbi tí gbogbo ohùn ti pàdé, mo pa ohùn mì tí àwọn ọkùnrin tó ń kọ tẹ́nọ̀ ní rẹ́, mo fi fà síbẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ké bí ewúrẹ́ níbi ìdánrawò ká lè rẹ́rìn-ín, kí n tó tún un ṣe.

Òjò ò jẹ́ ká ṣe ìdánrawò. Mo sì gbàgbé ṣá. Bébà yẹn náà ni wọ́n pín níbi ìsìnkú lónìí.

Ohun tí sọ́fà bá sọ ni akọrin wa ń kọ. Lẹ́bàá sàréè, wọ́n kọ fà yẹn sókè. Bàbá wo bébà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ṣé èmi ni mo ṣe èyí? Etí mi ti lọ nìyẹn."

"Rárá o, sà," ni Ìyá Tọ́pẹ́ tó ń kọ álítò sọ. "Ẹkún ló ṣe é."

"Ẹ wá ẹlòmíì tó máa darí akọrin." Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ dùùrù lé alùfáà lọ́wọ́.

Mo máa ń sín Bàbá jẹ dáadáa. Nírọ̀lẹ́ yìí mo fẹ́ fi ohùn wọn sọ pé, "Mo dárí jì ẹ́." Kò jáde.

Etí wọn ò ṣe nǹkan kan. Èmi Dàmọ́lá ni mo fi fà yẹn síbẹ̀, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.