Má Tú Wáyà Yẹn

Verlin ọkọ mi,

Má tú wáyà kinní róbótó tí à ń yí lára pátákó géèmù rẹ o. Òdì lo so ó: béèyàn bá yí i sọ́tùn-ún, òsì lọkọ̀ inú géèmù ń sá lọ. Àwọn bọ́tìnnì tó kù nìkan ni kó o so.

Láàárọ̀ yìí, Màmá ẹ wọ gàréèjì, wọ́n dì í mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni o, èyí tí kò gbé ṣíbí mọ́ látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Wọ́n ní, "Èyí náà ń gbọ́ òdì bí apá mi. A jọ máa mọwọ́ ara wa." Wọ́n yí i títí ọkọ̀ fi gbọ́ràn. Orí mi wú.

Oúnjẹ wọn wà lórí tábìlì. Apá ọ̀tún ni mo gbé ṣíbí sí. Má sún un.

Arlys