Ẹ̀pà Ìyá Kèrè

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ìyá Kèrè sọ̀rọ̀ lónìí! Èmi ló sì kọ́kọ́ bú.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti gbé e wá sílé ìwòsàn wa, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti bi í tán.

Láàárọ̀, Màdáàmù Felisité, ọ̀gá wa, gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ mi. "Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Lọ jókòó tì í."

Mo jókòó. Ọmọ Ìyá ti gbé igbá ẹ̀pà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọwọ́ mi má bàa dilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀pà náà. Eyín ni mo ń lò. Mo tilẹ̀ jẹ díẹ̀, ojú ń tì mí...

Àfi gbàà! Ìyá gbá mi lọ́wọ́!

"Ẹ̀pà tí mo fẹ́ gbìn lo ń fi eyín fọ́ yẹn? Irú ọmọ wo nìyí?"

"Ẹ má bínú, Ìyá."

Ó fi àtàǹpàkò pa ọ̀kan hàn mí. Ó wá béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Kèrè, ìlú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ jẹun lánàá!

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀: "Aláìsàn bú mi." Màdáàmù rẹ́rìn-ín títí, ó sì buwọ́ lù ú.

Bí mo ṣe ń lọ sílé, Ìyá pè mí padà.

"Tó o bá ń bọ̀ lọ́la, fi eyín ẹ sílé."