Má Pè Mí Mọ́, Fẹsẹ̀ Ara Rẹ Wá

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Bí ó bá jẹ́ ìwọ gan-an ni ìwé yìí tẹ̀ lọ́wọ́, mo kí ọ kú iṣẹ́, kú àárò ilé, kú ìnáwó ìlú ńlá. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí o rí ogun ilé kò ní jẹ́ kí o rí ti ìta. Bí ó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn ló ń kà á, kí ìwé náà máa ta á lójú títí yóò fi pa á dé. Àbúrò rẹ obìnrin fẹ́ bá mi kọ ọ́, mo ní kó gbé bírò sílẹ̀, n kò mọ ohun tó lè fi kún un. Òwú pupa orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo fi rán ẹnu àpò ìwé náà. Bí o bá bá òwú mìíràn níbẹ̀, má ka ìwé yìí rárá.

Ara wa le. Olùkọ́ tuntun kan ló dé sí ilé ìwé ìjọba tí àbúrò rẹ ń lọ, ẹ̀kọ́ tó sì gbé dé, èmi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa yẹ ìròyìn wò, ti inú rédíò, ti inú ìwé ìròyìn, ti inú fóònù, kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ irọ́. Mo ní ṣé ìṣirò ti tán nílẹ̀ ni? Ọmọ tó bá ti mọ irọ́ yẹ̀ wò, ta ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí kì í bá ṣe ìyá rẹ̀? Ọ̀rọ̀ mi sì ṣẹ. Mo ní kó lọ sùn torí ilẹ̀ ti ṣú, ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá dé lọ́jọ́ kan, ó ní olùkọ́ sọ pé bí àwọn bá gbọ́ ìròyìn, kí àwọn máa wá a lọ sí orísun. Orísun kẹ̀! Orísun wo ló tún wà ládùúgbò wa ju ti odò ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn lọ, níbi tí àpáta ti ń yọ̀ bí ọṣẹ? Mo pa ẹ̀rọ mi tì, mo sá lọ bá olùkọ́ náà nínú kíláàsì, mo ní ọmọ mi ò mọ̀wẹ̀, mo ní ìròyìn wo ló wà nísàlẹ̀ odò tí ọmọ ọlọ́mọ fi máa kú sí i. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àbúrò rẹ fi ìwé bojú. Olùkọ́ ní orísun tí òun wí kì í ṣe ti odò, pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ jáde ni. Mo ní kí ló dé tí kò wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá fún mi láyè lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó já mi láyà. Olùkọ́ tẹ fóònù rẹ̀, ohùn ọ̀gá ilé ìwé jáde, ó ń ṣèlérí ìsinmi fún àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ rèé lẹ́nu ọ̀nà, ó pa ẹnu dé pátápátá. Olùkọ́ ní ẹ̀rọ ló yá ohùn rẹ̀ lò. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fọkàn tán ohunkóhun tó ń sọ̀rọ̀ tí n kò rí ètè rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni Mo-ti-gbọ́, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi, já wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ní ilé iṣẹ́ páálí tí o ti ń ṣiṣẹ́ ti jóná, kò sẹ́ni tó jáde. Ó fi àwòrán hàn mí, iná ń yọ lójú fèrèsé. Ọkọ mi, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí ẹ̀rọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni, títí mo fi rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn rẹ̀. Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ nìkan ló gba fóònù náà. Ó bi Mo-ti-gbọ́ pé ta ló sọ ọ́, ó ní wọ́n ni. Ó ní ta ni wọ́n, ó ní ẹnìkan tó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Ọmọ yìí wá fẹ àwòrán náà títí pátákó ara ògiri fi hàn, àkọlé rẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí a mọ̀ níbẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun kọ́ nìyẹn, ilẹ̀ òkèèrè ni. Mo-ti-gbọ́ ní òun kàn fẹ́ kí a tètè mọ̀ ni. Mo fi rúlà lé e jáde.

Ọkàn mi ìbá balẹ̀, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù dún, ohùn rẹ ló ń sọ pé ìwọ nìyí, pé kò sí iná kankan lọ́dọ̀ yín. Bàbá rẹ ń sunkún ayọ̀. Èmi rántí ọ̀gá ilé ìwé. Mo ní kí ohùn náà sọ ohun tí o máa ń pè mí nígbà tí o wà ní kékeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìdáhùn nìyẹn? Mo pa á. Ó ti ń pè láti ìgbà náà, n kò gbé e. Àbúrò rẹ búra pé ìwọ ni. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní mo ti kọjá ibi tí òun kọ́ mi dé, pé ẹni tó bá yẹ ọ̀rọ̀ wò dé òpin gbọ́dọ̀ gba ohun tó bá níbẹ̀ gbọ́. Mo bi í pé ṣé òun ló bí ọ ni.

Jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti gbọ́ ikú rẹ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí mo ti ń ránṣọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi. Bí mo bá gba ohùn yẹn gbọ́, tó wá já sí pé ẹ̀rọ ló yá a lò, n kò ní lágbára láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti owó, bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi já lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ iná yẹn, bàbá rẹ sì ń fẹ́ oògùn ẹsẹ̀. Fóònù ní o ti fi nǹkan ránṣẹ́, ó dún pìn-ín, ó kọ ọ́ sójú. Èmi ò rí owó, ìró ni mo gbọ́, ìró àti irọ́ ò sì jìnnà síra. Mú un dání wá.

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Nígbà tí o ń rákò, o ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rọ mi, abẹ́rẹ́ gún ọ ní àtàǹpàkò, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. N kò ní sọ ọwọ́ tó jẹ́, nítorí ẹni tó lè máa kà á. Gbé e wá kí n fi ọwọ́ ara mi kàn án. Ọ̀nà á là fún ọ, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ á gúnlẹ̀ láyọ̀, ojú ò ní tì wá lórí rẹ. Olùkọ́ ní ká tọ ọ̀rọ̀ lọ sí orísun. Èmi ni orísun rẹ, mo ti gbé àga síta, mò ń wojú ọ̀nà.

Èmi ìyá rẹ ni. Bí o bá ṣiyèméjì, ìwọ náà wá wò mí.